Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ti pẹ́ tí wọ́n tún ṣe, àbí tuntun? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òbí ẹ̀ n'Íbàdàn

Ohun tí àwọn ọmọ tó wà ní London àti Manchester ń bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì wa ní Mókọ́lá ti yí padà o. Tẹ́lẹ̀, tí màmá bá pé ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún, pátì ni, kánópì títí dé ojú títì, aṣọ ẹbí, kí wọ́n pa màlúù. Ní báyìí wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí màmá àti bàbá wá sí London, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní cruise, láti èbúté Southampton, kí wọ́n lọ sinmi. Ó dáa bẹ́ẹ̀, inú mi máa ń dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti rí fọ́tò ọkọ̀ kan tó ń dán yanran, owó ẹ̀ á wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n á rí i níbẹ̀ pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ àtúnṣe dé ni, wọ́n á sì sanwó lójú ẹsẹ̀ láì bèèrè pé kí ni wọ́n tún ṣe gan-an.

Ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Kí ni wọ́n tún ṣe, ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe, àti pé irú èrò wo ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn yẹn á rí i pé ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún lójú omi lè sàn fún òbí ẹ̀ ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn lọ, ó sì lè burú jù ú lọ náà, ọwọ́ àtúnṣe yẹn ló wà.

Ọkọ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra. Àwọn méjì tó ti pẹ́ ni Queen Mary 2 ti ilé iṣẹ́ Cunard, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, tí wọ́n gbé lọ sí Hamburg ní Jámánì ní 2016 tí wọ́n sì ná ju £90 mílíọ̀nù lé lórí, àti Independence of the Seas ti Royal Caribbean, tó jáde ní 2008, tí wọ́n tún ṣe ní 2018 pẹ̀lú nǹkan bíi $110 mílíọ̀nù. Àwọn tuntun ni Iona ti P&O tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àti Queen Anne ti Cunard, àbúrò Queen Mary 2, tó kọ́kọ́ gbé èrò kúrò ní Southampton ní oṣù karùn-ún 2024. Independence kì í gbé Southampton títí ọdún o, ìgbà mìíràn Amẹ́ríkà ló máa ń wà, torí náà ẹ wo ibi tó máa wà lọ́dún tí ẹ fẹ́ lọ.

Ààyè inú ọkọ̀

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyí, torí pé fọ́tò ò lè fi hàn yín. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n máa ń kọ fún gbogbo ọkọ̀, gross tonnage ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó, bí inú ẹ̀ ṣe gbòòrò tó ni. Ẹ fi iye èrò tí ọkọ̀ náà ń gbé pín in. Queen Mary 2 jẹ́ nǹkan bíi 149,000, èrò tó ń gbé sì tó 2,700, tí ẹ bá pín in, 55 ni. Queen Anne jẹ́ 113,000, èrò ẹ̀ tó 3,000, ìyẹn ò ju 38 lọ. Iona tóbi ju àwọn méjèèjì lọ, ó jẹ́ 184,000, ṣùgbọ́n èrò tó ń kó tó 5,200, 35 ló kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ẹ̀ rí i pé àgbà ọkọ̀ yẹn ló fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Nọ́ńbà yìí ló máa sọ bóyá màmá máa dúró lórí ìlà kó tó rí oúnjẹ àárọ̀ gbà, bóyá bàbá máa rí àga jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, bóyá lífítì á kún dé ẹnu kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àtúnṣe sì lè jẹ ààyè yẹn. Nígbà tí wọ́n tún Independence ṣe, yàrá 107 ni wọ́n fi kún un. Tí èèyàn méjì méjì bá wọ̀ ọ́, ó ti ju igba èèyàn lọ tó kún iye àwọn tó ń lo ọkọ̀ kan náà, orí ìlà oúnjẹ kan náà, lífítì kan náà. Nítorí náà tí ẹ bá kà á pé wọ́n ti fi yàrá tuntun kún ọkọ̀ kan, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti bù ú.

Irú yàrá tuntun kan wà ṣá tí mo fẹ́ràn gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ka yàrá kan sí ti èèyàn méjì, ẹni tó bá dá lọ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó èèyàn méjì. Alhaja kan láti Òkè-Àdó tí ọkọ ẹ̀ ti ṣaláìsí jókòó síwájú mi, mo ń ka iye fún un, ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé owó ẹni tí ò sí níbẹ̀ ni wọ́n ní kí n san?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nínú àtúnṣe 2016 yẹn, Queen Mary 2 ṣe yàrá 15 fún ẹni tó bá dá rìn, lára ibi tó jẹ́ àyè kásínò àti gálárì fọ́tò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti bù ú, wọ́n ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí òkun. Yàrá 15 péré nínú ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń tètè tán, ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún màmá tó jẹ́ opó kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́dún kan ṣáájú. Èyí gan-an ni mo ń pè ní àtúnṣe.

Yàrá àti ilé ìwẹ̀

Ohun tí wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ ni ohun tí ojú ń rí: kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì, àga, tẹlifíṣọ̀n. Bí yàrá ṣe fẹ̀ tó, bí òrùlé ṣe ga tó, ibi tí páìpù gbà, irin ni wọ́n fi mọ ọ́n láti yáàdì, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, kì í yí padà. Ó dà bí ilé kan ní Bódìjà tí onílé kùn lọ́dà tuntun kó lè fi owó kún háyà, tí páìpù inú ògiri ẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n rì síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Torí náà, nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, ẹ béèrè nípa ilé ìwẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́, kọ́tìnì ni wọ́n fi dí ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára bí omi bá ti ń gbóná, ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ náà sì ga sókè díẹ̀ kí omi má bàa ṣàn jáde sórí kápẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ ni ẹ̀yin máa pè é, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn, tó dìde láàrin òru tí ọkọ̀ sì ń mì, ibẹ̀ ló ti máa ṣubú. Àwọn ọkọ̀ tuntun sábà máa ń lo ilẹ̀kùn dípò kọ́tìnì. Tí òbí yín bá ń lo ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, àwọn yàrá kan wà tí wọ́n ṣe fún irú wọn, tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, torí wọn ò pọ̀.

Bálíkónì náà ńkọ́? Queen Mary 2 ní oríṣi kan tí wọ́n gbẹ́ sínú ara irin ọkọ̀ náà, ó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó, irin lẹ máa máa wò, àfi tí ẹ bá dìde kí ẹ tó rí òkun. Owó ẹ̀ máa ń rọjú díẹ̀ sí ti àwọn tó fi dígí ṣe. Fún bàbá tó máa ń sùn lọ lórí àga, kò sí wàhálà. Fún màmá tó fẹ́ máa wo omi, ẹ ra onídígí.

Àtúnṣe tún máa ń mú nǹkan kúrò. Ní 2016 yẹn, wọ́n yọ àwọn lífítì onídígí tó wà ní gbọ̀ngàn ńlá àárín Queen Mary 2 kí gbọ̀ngàn náà lè dùn ún wò. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Lífítì mìíràn wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ṣáà wá yàrá tó sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn, torí ọkọ̀ yẹn gùn tó mítà 345, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ò gbọ́dọ̀ máa rin ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ náà. Cunard àti P&O, ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nílé máa ń wọ tiwọn. Lórí Independence, ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ló wà, orí tábìlì iwájú dígí ló sì máa ń wà, ó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn wa á wá di ẹ́ksítẹ́ńṣọ̀n sínú báàgì bí ìgbà tó ń lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Abẹ́òkúta. Wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́nu ibodè ọkọ̀ o, Royal Caribbean ò gbà á mọ́ rárá nítorí iná. Adápítọ̀ kékeré kan ti tó. Áyọ́ọ̀nù náà, ẹ fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ta ni wọ́n tún un ṣe fún?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀ nìyí. $110 mílíọ̀nù tí wọ́n ná sórí Independence, ẹ wo ohun tó bọ́ sí: ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ sínú omi, ibi tí wọ́n ti ń fò sókè sódò, eré ìbọn iná (laser tag), yàrá àdììtú (escape room). Tí ẹ bá ń kó àwọn ọmọ-ọmọ dání, kò sí ibi tó dùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ náà ò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì àti ìyàwó ẹ̀ nìkan, àtúnṣe yẹn ò kàn wọ́n, ariwo ẹ̀ nìkan ló máa kàn wọ́n. Queen Mary 2 ní tiẹ̀, ilé oúnjẹ, yàrá, ibi ìjókòó ni wọ́n tún ṣe, láìbu ilé ìkàwé ńlá àti gbọ̀ngàn ijó. Wọ́n tún fẹ ibi tí ajá ń gbé lójú, ìyẹn ò kàn wá.

Tí mo bá máa sọ tinú mi, tọkọtaya tó ti dàgbà, tó fẹ́ràn kí wọ́n múra, kí wọ́n jẹun pẹ̀lẹ́, Queen Mary 2 ni mo máa rà fún wọn ṣáájú Queen Anne àti Iona. Lálẹ́ ayẹyẹ wọn, aṣọ ìbílẹ̀ tó bá dáa wọ̀ ọ́, agbádá àti aṣọ òkè pẹ̀lú gèlè máa gbayì níbẹ̀ gan-an. Cunard sì ní ibi tí ẹ ti lè fọ aṣọ kí ẹ sì lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, P&O náà ní in, Royal Caribbean ò ní. Fún ẹbí tó kó ọmọ dání, Iona tàbí Independence.

Ìgbà tí ẹ máa lọ

Òfin òkun sọ pé ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ gòkè sórí ilẹ̀ gbígbẹ ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì láàrin ọdún márùn-ún, kí wọ́n lè yẹ abẹ́ ẹ̀ wò. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣe àtúnṣe ńlá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ni kí ẹ ṣí kàlẹ́ńdà ọkọ̀ náà, tí ẹ bá rí ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta tí wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan, yáàdì ló ń lọ yẹn. Ẹ má ra ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́. Gọ́ọ̀mù kápẹ́ẹ̀tì á ṣì máa rùn, ilé oúnjẹ kan lè má tíì ṣí, àwọn òṣìṣẹ́ á ṣì máa kan nǹkan mọ́ nǹkan. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ra fún un, torí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó dé yáàdì. Ní 2018, èrò inú ọkọ̀ Norwegian Sun figbe ta, torí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ àtúnṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wà lójú omi, eruku, ariwo, òórùn ọ̀dà. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn yáàdì ló dáa jù lójú mi, gbogbo ẹ̀ ṣì tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti mọ ibi tí nǹkan wà.

Owó tó wálẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. P&O ti fi owó tíìpì sínú tíkẹ́ẹ̀tì láti 2019, pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń ná nínú ọkọ̀. Cunard àti Royal Caribbean, dọ́là ni, wọ́n sì ń yọ owó òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan àfi tí irú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà bá ti kó o mọ́ ọn. Ẹ ṣírò ẹ̀ fún èèyàn méjì fún ọjọ́ méje, kí ẹ sọ ọ́ di náírà, kí ẹ tó sọ pé ọkọ̀ kan pọ́ọ́kú ju èkejì lọ.

Físà wá lè yí gbogbo ẹ̀ po. Iona sábà máa ń lọ sí Norway nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, físà UK nìkan ò tó fún ìyẹn, ẹ nílò físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ Yúróòpù náà. Queen Mary 2 tó ń lọ sí New York, ọjọ́ méje lójú omi láì dúró níbì kankan, físà Amẹ́ríkà ló fẹ́, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa tó títí wọ́n á fi padà dé Ìbàdàn, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, nínú báàgì ọwọ́. Ẹ gba físà náà kí ẹ tó san ju owó àsansílẹ̀ lọ, kí ẹ sì ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kọ nǹkan mẹ́ta yìí ránṣẹ́ sí yín nínú ímeèlì: àjà (deck) tí yàrá òbí yín wà, ọdún tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, àti bóyá ilé ìwẹ̀ ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n tún ṣe.