Mo fi bàtà gogoro gun àtẹ̀gùn Powis

Ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ọgbà òdòdó là ń lọ, mo rò pé pápá tó tẹ́jú ni, ni mo bá wọ bàtà gogoro lọ sí Powis Castle, ilé olódi àtijọ́ kan nítòsí Welshpool ní Wales. Àṣé ara òkè ni ọgbà ọ̀hún wà! Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí ní òpin àwọn ọdún 1600, pèpéle lórí pèpéle, tí àtẹ̀gùn òkúta so wọ́n pọ̀. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilé àti ọgbà àtijọ́, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti 1952.

Lókè pátápátá, àwọn igi yew (igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́) tó ti lé ní 300 ọdún ló gba ojú mi. Wọ́n ń rẹ́ ẹ̀ka wọn lọ́dọọdún, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Ní pèpéle tó tẹ̀lé e, ère àwọn darandaran lọ́kùnrin lóbìnrin ń jó lórí ògiri kékeré olópòó. Òkúta ni mo pè wọ́n, òjé ni.

Ṣùgbọ́n ògiri bíríkì pupa tó gbé pèpéle ró ni mo fẹ́ràn jù. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án lọ́sàn-án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Ó kọjú sí oòrùn. Ooru tó bá gbà pa mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fi í fún ewéko tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewéko tí òtútù ìbá ti pa fi ń yọ òdòdó níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ṣé ògiri ni mo wá wò. Bẹ́ẹ̀ ni o.

Ẹrù tí ìdílé Clive, ìdílé Robert Clive, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun apá kan India, kó wá láti ibẹ̀ wà nínú ilé, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá. Àmọ́ àwọn pèpéle ti wà fún bí 100 ọdún kí ìdílé Clive tó fi ìgbéyàwó wọ Powis ní 1784.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ má dúró wo òdòdó kankan bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ lọ sórí pápá ńlá ìsàlẹ̀, kí ẹ yíjú padà. Ẹni tó wà lórí pèpéle ò lè mọ bó ṣe ga tó. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ilé olódi pupa tó gúnwà sókè téńté. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá rọra máa gòkè. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, kó rò ó dáadáa.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo bọ́ bàtà, mo gbé e lọ́wọ́. Òkúta yẹn tutù! Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn Powis lọ́jọ́ náà, èmi ni o.