WhatsApp Business ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì: iṣẹ́ tí mo gbé fún un àti èyí tí mi ò jẹ́ gbé fún un

Sìmẹ́ǹtì, irin, ìṣó àti páànù ni mò ń tà ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn oníbàárà mi ń wá láti Bùnú àti Ìjùmú, àwọn kan sì ń pè láti Yàgbà kí wọ́n tó gbé mọ́tò wá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lo WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp tí wọ́n ṣe fún àwọn ọlọ́jà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà sì ń bi mí bóyá ó dáa. Ó dáa gan-an. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kéèyàn kó lé e lọ́wọ́.

Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà, ó sì ti wà láti 2018. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé fún un ni nọ́ńbà àkáǹtì, torí òun ni wọ́n ń béèrè jù. Mo ti kọ ọ́ pamọ́ síbẹ̀: tí mo bá ti tẹ àmì / tí mo sì kọ "akanti" tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á yọ: báńkì, nọ́ńbà, orúkọ. Kò sí pé mo ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, kí owó olówó wá lọ bá ẹlòmíràn. Irú èsì bẹ́ẹ̀ tó 50 ni áàpù náà gbà. Díẹ̀ péré ni mò ń lò.

Ìkíni náà wà níbẹ̀. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí wa, àti ẹni tí a ò gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ 14. Tèmi kà báyìí ("Okun o" ni ìkíni tiwa níhìn-ín): "Okun o, ẹ kú iṣẹ́. A ti rí ọ̀rọ̀ yín. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń ṣí, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ń tì. A ò kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ tiyín bíi lẹ́tà ìjọba. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́lé.

Iye owó sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Mi ò fi síbẹ̀ rárá. Òbájánà tí wọ́n ti ń ṣe é kò jìnnà sí wa, ojú ọ̀nà Lọ́kọ́já ló wà, síbẹ̀ iye tó jẹ́ láàárọ̀ lè máà jẹ́ iye tó máa jẹ́ lọ́la. Tí fóònù bá sọ iye àná fún bíríkìlà kan, ó ti fi ṣírò owó fún ẹni tó ni ilé nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Áàpù náà gbà kéèyàn fi àwòrán ọjà síbẹ̀ láìkọ iye rẹ̀, bí mo ṣe ṣe sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Ti páànù, mo kọ bó ṣe nípọn sábẹ́ àwòrán, 0.45 tàbí 0.55 mìlímítà, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá sí i. Ẹni tó bá fi àwòrán alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, mo máa wo àkáǹtì mi fúnra mi kí àpò kan tó kúrò nílẹ̀. Ayédèrú alẹ́ẹ̀tì pọ̀ níta.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwìn. Àwọn àgbẹ̀ wa ń gba sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó ta kajú, owó sì ń wọlé láti nǹkan bí oṣù kejì ọdún lọ. Mo fi àmì aláwọ̀ pupa sára orúkọ àwọn tó jẹ mí lórí áàpù náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ parí sí. Ẹnu ni mo fi ń béèrè gbèsè. Ó lè jẹ́ pé òkú ló wà nílẹ̀ nílé bàbá náà, ó lè jẹ́ pé iná jó oko rẹ̀. Fóònù kò mọ̀. Tí mo bá pè é, mà á kọ́kọ́ béèrè ara àti ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀.

Google Sheets, ìwé ìṣirò orí fóònù, ni mo fi ń ka ọjà, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣètò rẹ̀ kí ojú ibi tí iye sìmẹ́ǹtì wà di pupa tó bá ti kù sí àpò 30. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá kọ sí i nìkan ló mọ̀. Lásìkò òjò, àpò tó bá gba ọ̀rinrin á dì, kò sì ṣeé tà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé ṣì ń kà á mọ́ ọjà. Torí náà, a ń fi ọwọ́ kà á ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ẹ mọ̀ pé èsì tó ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí a ò sí nítòsí kì í lọ tí fóònù kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí iná ti ń lọ bí tiwa, ẹ ra pawa báǹkì tó lágbára.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè sílẹ̀. Èyí tí èsì rẹ̀ kò yí padà láti Mọ́ńdè dé Sátidé ni kó fún fóònù. Tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò bá ju méjì lọ lóòjọ́, WhatsApp lásán ti tó o.