Mo sọ Ìjàpá di hot rod: oṣù mẹ́rìnlá pẹ̀lú ara fáíbà àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ara fáíbà tí mo rà láti fi sọ Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, di hot rod (ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó lè sáré) dára. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára. Àmọ́ páànù dídán tó ń bo ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ ẹrù náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ẹ́ńjìnnì mọ́ mi lọ́wọ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún gbogbo ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti páànù yẹn ni, mẹ́rin ààbọ̀ ni ì bá gbà.

Houston ni mò ń gbé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, Ìjàpá ni bàbá mi ń wà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Èkó. A máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí títì kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó yọ. Ìró yẹn ò kúrò létí mi. Ìgbà tí mo dé Amẹ́ríkà ni mo kọ́kọ́ rí hot rod gidi, Ford 1932 tí wọ́n bọ́ màdígáàdì rẹ̀ dànù, tí wọ́n rẹ òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì V8 onísílíńdà mẹ́jọ wà níhòòhò níwájú. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí V8 ń jẹ, mo jókòó. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń fi Ìjàpá ṣe é, pé Volksrod ni wọ́n ń pè é.

Ìjàpá 1971 tí ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ tán ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ fetí sí èyí kí ẹ tó náwó: oríṣi méjì ló wà lọ́dún yẹn. Sọ́ọ̀kì MacPherson tó nàró bí òpó ló wà níwájú èyí tí wọ́n ń pè ní Super Beetle. Èyí tí kì í ṣe Super ní páìpù méjì tó dábùú síwájú, ọ̀kan lórí ìkejì, tí irin tó ń lọ́ wà nínú wọn. Páìpù méjì yẹn ni ara fáíbà yìí ń fẹ́, òun náà sì lojú máa rí nígbà tí màdígáàdì bá ti kúrò. Bí ẹ bá ra Super torí pé ó pọ́ọ́kú, wàhálà lẹ rà wálé.

Nínú àlọ́, ìgbà tí Ìjàpá já bọ́ láti òkè ni igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Ní tèmi, sípánà la fi bọ́ ọ. Bóòtì ló so ara mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yípo, èmi àti àbúrò ìyàwó mi sì gbé e kúrò lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ tó ìyẹn. Ẹ tú wáyà, páìpù epo àti okùn tó ń fa kàbúrétọ̀, ẹ wá tú bóòtì mẹ́rin, jáàkì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ara fáíbà náà jọ̀lọ̀ níta, inú rẹ̀ rí játijàti, ìyẹn ò dùn mí. Ilẹ̀kùn òsì ló dùn mí: ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń há a kó tó lè pa dé. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ojú rédíétọ̀ Ford tí wọ́n fi síwájú rẹ̀. Kò sí omi kankan lẹ́yìn rẹ̀! Níbi tí mo ti ń ra epo, àwọn èèyàn á ní kí n ṣí i, táǹkì epo àti táyà àfikún ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀.

Ó wá kan páànù. Ẹ́ńjìnnì 1600 yìí, 1584 cc gan-an, sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì dùbúlẹ̀ sọ́tùn-ún, méjì sósì. Kò ní omi, afẹ́fẹ́ ni omi ẹ̀. Fánbẹ́lì ń yí dínámò, fáànù wà ní ìdí dínámò, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí páànù ńlá. Nínú àpótí yẹn làwọn abẹ páànù kéékèèké wà tí wọ́n ń pín afẹ́fẹ́ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára máa ń dínà afẹ́fẹ́ sílíńdà kẹta, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń kọ́kọ́ kú. Ní 1971 ni Volkswagen kọ́lé tirẹ̀ fún un lẹ́yìn àpótí. Ilé ajá làwọn mẹkáníìkì ibí ń pè é.

Àpótí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi dán bíi dígí. Ó ṣófo nínú. Kò sí abẹ kankan, kò sí ilé ajá. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà ní gbangba, kò nílò páànù abẹ́ sílíńdà. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí ojú mi ń fẹ́ kó dán.

Oṣù Keje, mo dorí kọ Galveston, ìlú etí òkun, lójú títì I-45. N ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí gééjì ọ́ìlì fi fò kọjá 250 Fahrenheit. Òórùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi dà bí ti agbada tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo dúró lábẹ́ afárá, mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń lò ó. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló gbé mi dé ilé. Àlàfo fáfù, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì, yẹ kó jẹ́ 0.006 íǹṣì tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Àlàfo ti fáfù èéfín sílíńdà kẹta ti pa dé pátápátá. Orí sílíńdà ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ fáfù.

Mo wá àpótí 1971 ojúlówó kan rí níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù, ó dípẹtà, ó burẹ́wà. Mo ha á, mo kùn ún ní dúdú, mo sì dá gbogbo páànù ìsàlẹ̀ padà. Mo gba ọ̀nà kan náà nínú ooru kan náà: 205, kò sì kọjá bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí òkun.

Tí iná pupa dínámò bá tàn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ fánbẹ́lì ló já, fáànù náà sì ti dákẹ́ nìyẹn. Mo ń gbé fánbẹ́lì mìíràn dání.

Lójú ọ̀nà, ó ń dùn ún wà, àmọ́ iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Nínú òjò, táyà iwájú máa ń yọ̀ tí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ náà sì máa ń tì í. Ìyàwó mi ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó tó.

Àpótí dídán yẹn ṣì wà lára ògiri gáréèjì mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣáà má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì.