tusd rèé: tí upload bá já láàárín, ibi tó dé náà ló ti máa tẹ̀síwájú

Tó bá jẹ́ fáìlì ńlá làwọn èèyàn yín ń fi ránṣẹ́ látorí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn sì ń wá tó ń lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù lásán sílẹ̀, tusd, ìyẹn server tó ń gba fáìlì wọlé, ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Sáìtì ìjọ kan ni mo ń bójú tó, àwọn tó ń ya fídíò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìwàásù ránṣẹ́ sí wa, fídíò kan lè ju 1GB lọ. Nígbà tá a ń lo fọ́ọ̀mù multipart (fọ́ọ̀mù lásán tó ń fi gbogbo fáìlì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo), á kù díẹ̀ kó parí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, gbogbo ẹ̀ á dòfo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, dátà tí wọ́n fowó ara wọn rà nìyẹn o! Ó máa ń dùn mí gan-an.

tus lorúkọ ìlànà tó ń jẹ́ kí upload lè tẹ̀síwájú báyìí, orí HTTP tá a mọ̀ yìí náà ló ti ń ṣiṣẹ́. tusd ni server ẹ̀, èdè Go ni wọ́n fi kọ ọ́, iléeṣẹ́ Transloadit ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Browser á kọ́kọ́ fi POST (àṣẹ HTTP ni, bíi PATCH àti HEAD tó ń bọ̀) sọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, server á dá 201 (ìyẹn pé ó ti dá a sílẹ̀) padà pẹ̀lú àdírẹ́sì tí fáìlì yẹn á máa jẹ́, PATCH á wá máa kó o lọ síbẹ̀. Tí ìlà bá já, HEAD lá fi béèrè pé ibo la bá a dé, server á fi Upload-Offset sọ iye byte tó ti wọlé, iṣẹ́ á sì máa lọ látibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé tí nǹkan bá dojú rú, èmi náà lè fi curl (irinṣẹ́ tá a fi ń bá server sọ̀rọ̀ látorí command line) béèrè ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ server kí n sì rí ìdáhùn.

Lọ́dọ̀ browser, tus-js-client, láíbúrérì JavaScript fún tus, ni mo lò. Inú localStorage (ibi tí browser ń tọ́jú nǹkan sí) ló ń tọ́jú àdírẹ́sì yẹn sí, torí náà bí fóònù bá tiẹ̀ kú, téèyàn bá padà wá mú fáìlì yẹn kan náà, á máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kóòdù yín ń pe findPreviousUploads (òun ló ń wá upload tó ti já tẹ́lẹ̀) o, kò ní ṣe é fúnra ẹ̀.

Ibi tó lè fún yín níṣòro ni Nginx, ìyẹn server tó bá wà níwájú tusd. Tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án, ṣe ló máa kó gbogbo ohun tó ń bọ̀ jọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ kó tó gbé e fún tusd, tí ìlà bá wá já, tusd ò rí nǹkan kan gbà, kí lẹ wá fẹ́ tẹ̀síwájú látibẹ̀? Ẹ fi proxy_request_buffering sí off. 1MB péré ni client_max_body_size máa ń gbà láti ilé, ohun tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ á gba 413 (ìyẹn pé ó ti tóbi jù), ẹ sọ ọ́ di 0 kó má lópin. Kẹ́ ẹ sì fi -behind-proxy ṣí tusd, kí Nginx máa fi X-Forwarded-Proto (èyí tó ń sọ bóyá http ni àbí https) ránṣẹ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fún browser ní àdírẹ́sì http lórí sáìtì https, browser ò sì ní gbà.

Ọ̀rọ̀ ààbò wù mí. tusd kì í fi orúkọ tí ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ fún un tọ́jú ẹ̀, ID tó dá fúnra ẹ̀ ló ń lò, orúkọ yẹn á wà nínú fáìlì .info lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi kóòdù burúkú bíi shell.php ránṣẹ́ kó wá rí i lórúkọ yẹn lórí dísíkì. Hook (kóòdù tí tusd máa ń pè tí nǹkan kan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ tàbí tó bá ti ṣẹlẹ̀) tó ń jẹ́ pre-create ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà ti wọlé sí àkáǹtì ẹ̀, kí byte kan tó wọlé rárá. Tí fáìlì bá dé tán, post-finish á wo àwọn byte àkọ́kọ́ bóyá fídíò ni lóòótọ́, torí ẹnikẹ́ni lè kọ video/mp4 sára ohunkóhun. Ẹ fi -disable-download sí i náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti ní àdírẹ́sì fáìlì lè wà á.

Ẹ kọ cron (iṣẹ́ tó ń ṣe ara ẹ̀ ní àkókò tẹ́ ẹ bá dá fún un) tí á máa pa àwọn fáìlì tó dúró lágbedeméjì rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dísíkì á kún. Fọ́tò kékeré ní tiẹ̀ ò nílò gbogbo wàhálà yìí, Multer (láíbúrérì Node.js tó ń gba fáìlì látinú fọ́ọ̀mù) tó o, kẹ́ ẹ ṣáà fi fileSize (ìwọ̀n tí fáìlì ò gbọ́dọ̀ kọjá) sí i, torí tẹ́ ò bá fi í, kò ní òpin.