Ọwọ́ nọ́ọ̀sì wọn tù mí lára, ẹnu àwọn ará kọ́ńtà ni mi ò lè gbà

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ti aládàáni ni, Ìbàdàn ló wà, kò sì jìnnà sí ọjà Gbági níbi tí mo ti ń ta aṣọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé, èyí tí kálukú mọ̀, tó máa ń fún èèyàn lápá. Ẹni tí wọn ò bá so lápá rí lè máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n so èmi. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ wa dúró, wọ́n kó wa wọ igbó, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì lò lọ́dọ̀ wọn. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so apá ọ̀tún mi mọ́ igi, lókè ìgbọ̀nwọ́, ibi tí nọ́ọ̀sì máa ń wé nǹkan yẹn mọ́ gẹ́lẹ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ará ọjà kankan ò gbọ́. Ohun tí a sọ fún wọn ni pé ọmọ mi bímọ l'Ábújá, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ọsibítù tí mò ń lọ tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti jókòó báyìí, nọ́ọ̀sì á gbá apá mi mú láìsọ nǹkan kan, á wé e, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ń fún mi, èémí mi á há, òógùn á bò mí, màá fa apá mi yọ. "Mummy, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ jàre! Ṣé mò ń pa yín ni?" 190 lórí 110 ni wọ́n máa ń kọ. Dókítà ò wo ojú mi, ìwé ló ń wò. Ó sọ amlodipine, oògùn ìfúnpá tí mò ń lò, di 10 láti 5, ó tún fi oògùn mìíràn kún un. Ẹsẹ̀ mi wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Bí mo bá dìde láti fa aṣọ lórí pẹpẹ, òòyì á kọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà ló gbá mi mú tí mi ò fi ṣubú lu máṣíìnì télọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń sọ yìí.

Mátírọ̀nù kan ló gbà mí wọlé, obìnrin kúkurú, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó ní kí n yan àga tó bá wù mí. Mo yan èyí tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kọ́tìnnì nìkan ló fà bò ó. Kò mú ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà ló kọ́kọ́ ń bi mí, ó béèrè iye tí a ń ta àǹkárá báyìí, mo sọ ọ́, ó gbọ́wọ́ lérí. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé, "Ìfúnpá yín ni mo fẹ́ wò, mà. Ṣé mo lè fọwọ́ kàn yín lápá?"

Mi ò dáhùn. Mi ò mọ èsì tí wọ́n ń fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà oyún àkọ́kọ́ mi ni mo ti ń lọ sí ọsibítù, ẹnì kankan ò bi mí rí.

Ó ní kò burú. Ó gbé aṣọ ẹ̀rọ náà lé tábìlì, ó ní kí n fọwọ́ ara mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí mo bá ń fa àǹkárá ya fún oníbàárà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó wé e mọ́ apá tirẹ̀, ó ní kí èmi tẹ bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́. 118 lórí 74. Ó wá fi ibi tí èèyàn máa tẹ̀ hàn mí kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde wàrà. "Ọwọ́ yín lèyí máa wà. Bí ẹ bá ti ní ó tó, ó tó nìyẹn."

Mo na apá ọ̀tún mi, ó wé e. Kò tíì fún mi dáadáa tí mo fi tẹ̀ ẹ́. Fúùù. Mo wá ń retí òṣé. Ẹ̀yin náà mọ òṣé tí mò ń wí. Kò pòṣé. Ó ní ká sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lélẹ̀, pé bí ara èèyàn ò bá balẹ̀, ẹ̀rọ á máa purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé nǹkan kan ti ṣe apá yìí rí? Kò pọndandan kí ẹ sọ ọ́ o, mà. Apá òsì náà wà ńbẹ̀."

Mo sọ díẹ̀. Apá òsì la lò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó jẹ́ kó parí: 146 lórí 88. Mo sunkún, kò sì sọ fún mi pé kí n má sunkún.

Ó ní kí n ra ẹ̀rọ tèmi, kí n máa wò ó nílé fọ́jọ́ méje, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kí n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí mo kó o dé, dókítà wọn fagi lé ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣírò ìyókù: 128 lórí 80. Ti ilé kò gbọdọ̀ tó 135 lórí 85, ó ní nǹkan mi dára. Ó dá amlodipine padà sí 5, ó yọ ìkejì kúrò. (Dókítà ló yọ ọ́ o. Kẹ́nikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ mi lọ da oògùn nù.) Kò pẹ́ tí bàtà mi tún fi ń wọ̀ mí.

Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester ló sọ fún mi pé ohun tí mátírọ̀nù ṣe kì í ṣe ìwà rere lásán, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni, bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí, àti pé àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ SAMHSA ti to ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ láti 2014, mẹ́fà ni wọ́n. Ó ń kà wọ́n fún mi lórí fóònù, pé kí ara alárùn balẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó yan ohun tó fẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lédè tiwa. "Kí ló ń ṣe yín?" ni ti ọsibítù àkọ́kọ́. "Kí ló ṣe yín?" ni ti mátírọ̀nù yìí. Lẹ́tà "ń" kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbà kejì tí mo lọ, mátírọ̀nù ò sí níbẹ̀, ọmọdébìnrin kan tí mi ò rí rí ló pè mí wọlé. Ó ka fáìlì, ó na ọwọ́ sí apá òsì mi, ó dúró: "Ṣé kí n wé e, mà, àbí ẹ máa wé e fúnra yín?" Inú mi dùn dé ibi pé ìjókòó onípákó wọn àti wákàtí méjì tí mo lò lórí rẹ̀ ò dùn mí mọ́. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo ti ní lọ́kàn.

Ìgbà kẹta wá dé. Èèyàn tó ogún níbi tí a ti ń dúró. Ọmọkùnrin kọ́ńtà gbé fáìlì mi sókè, ó sì ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Mummy tí wọ́n jí gbé yẹn dà? Fáìlì wọn rè é!"

Gbogbo orí yí. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà jẹ́ ti obìnrin tó ń ta léèsì ní láìnì kejì sí tèmi. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, wọ́n ti ń wá kí mi kú ewu ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan béèrè pé èló ni àwọn ajínigbé gbà. Ẹ gbọ́ mi o: ìdí tí a fi bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn! Bí ayé bá mọ̀ pé ẹbí kan rówó san lẹ́ẹ̀kan, ṣé wọn ò ní mọ̀ pé ó ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kejì ni?

Mo padà lọ. Máníjà ní kí n má bínú, pé ọmọdé ni. Ọmọdé tó nírùngbọ̀n. Òfin ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 ní wọn ò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn láìgbàṣẹ. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn ti 2018 pàápàá wà lára ògiri wọn, ẹ̀yìn orí ọmọ náà gan-an ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́! Mo ní kí wọ́n gbé fáìlì wá. Inú ni mátírọ̀nù kọ tiẹ̀ sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́: bi í kí o tó fọwọ́ kàn án, apá òsì, má ti ilẹ̀kùn. Kò kọ ìjínigbé rárá nínú ọ̀rọ̀ náà. Iwájú fáìlì, lórí páálí, ni ẹlòmíràn ti fi bírò pupa kọ KIDNAP gàdàgbà, kí gbogbo nọ́ọ̀sì lè tètè rí i. Àánú mi ló ṣe ẹni náà o. Ohun tó tún bí mi nínú jù nìyẹn, nítorí mi ò rí ọ̀tá tí màá bú.

Mátírọ̀nù pè mí láti ibi ìsinmi ọdún rẹ̀. Kò gbèjà ẹnì kankan. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe, mà?" Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ páálí yẹn, kí wọ́n ya ti àkọ́kọ́ lójú mi, kí wọ́n má sì pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ya á lójú mi. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe èèyàn báyìí. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá mi pe ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu ará Gbági?

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n tún fún mi, màá lọ. Mi ò lè tún na apá fún àwọn ti àkọ́kọ́ láéláé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọmọ mi ní kò yẹ kó ju méjì lọ, ó lè lọ kọ tiẹ̀. Ẹ mú ṣéńjì dání o, wọn kì í ní in.