Àpótí fíìmù 120 tí mo rà: ìmọ́lẹ̀ kò wọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin ló wọ̀ ọ́

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gba nẹ́gẹ́tíìfù ayẹyẹ àádọ́rùn-ún ọdún ìyá mi àgbà, tí mo yà ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù kẹfà, lọ́wọ́ ẹni tó bá mi fọ̀ ọ́. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, ọkàn mi sì bàjẹ́: nọ́ńbà 7 hàn ketekete lórí gèlè wọn. Ara bébà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, tí wọ́n fi wé fíìmù 120 (fíìmù kámẹ́rà tó fẹ̀ ju ti mìlímítà 35 lọ), ni nọ́ńbà yẹn ti wá, nítorí pé bí ọ̀rinrin bá mú bébà náà, yíǹkì ara rẹ̀ a máa fi àmì sára fíìmù tó fara tì í.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, n kò ní ẹjọ́ kankan bá àpótí tí mo rà láti máa kó róòlù fíìmù sí rò. Fíìmù yìí kò ní agolo bíi ti mìlímítà 35. Bébà yẹn nìkan ni aṣọ rẹ̀, bí a kò bá sì ká a le, oòrùn a gba etí rẹ̀ wọlé. Róòlù kejì tí mo yà lọ́jọ́ náà kò le rárá, àpótí sì wà lórí ìjókòó ọkọ̀ nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta, síbẹ̀ etí fíìmù náà mọ́ gaara lára àwòrán méjèèjìlá.

Ìgbà tí mo yẹ ìdérí wò ni mo rí i pé rọ́bà tó yẹ kó yí ẹnu rẹ̀ ká kò sí níbẹ̀. Mo pe ìsọ̀ tí mo ti rà á ní Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe dé ọwọ́ wa la ṣe tà á.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè lọ́jọ́ náà, nígbà kẹta, ó gé fóònù mọ́ mi létí, inú mi sì ru gan-an.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá tó ni ìsọ̀ pè mí. Wọn kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n wá bi mí pé, “Ṣé inú fíríìjì lẹ gbé e sí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ ṣí i bí ẹ ṣe gbé e jáde?” Mo ní mo ṣí i lẹ́ẹ̀mejì kí n lè fi róòlù mìíràn kún un. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi, láìkánjú, pé afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kún fún omi, pé bó bá kan ohun tútù, omi a sẹ̀ sí i lára bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà, nítorí náà kí n máa fi àpótí sílẹ̀ ní pípadé títí tútù ara rẹ̀ yóò fi lọ, ó kéré tán wákàtí kan, kí n tó ṣí i. Wọ́n ní kí n wo hóró búlúù inú àpò kékeré tí ń fa omi. Bó bá ti di píǹkì, ó ti mu yó. Tèmi ti di píǹkì pátápátá.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi rọ́bà méjì àti àpò hóró tuntun mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Mo fi rọ́bà sí i, mo kó bébà gbígbẹ sínú àpótí, mo rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Bébà náà gbẹ fúrúfúrú nígbà tí mo yọ ọ́.

Ìràwọ̀ méjì ni mo fún un nínú márùn-ún, nítorí gèlè ìyá mi àgbà. Mo ti sanwó àpótí kejì, èmi fúnra mi ni yóò sì fọwọ́ kan rọ́bà rẹ̀ yí ká kí n tó gbé e kúrò ní ìsọ̀.