Snake plant àbí ZZ: èwo lẹ máa gbé wọlé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jáde n'Íkòròdú nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́ torí Island, tó jẹ́ òru lẹ tún ń wọlé, àwọn òdòdó inú ilé méjèèjì yìí ò ní yọ yín lẹ́nu, ẹ lè gbàgbé àtibomi rin wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kí nǹkan kan má ṣe wọ́n. Ti ewé wọn, ẹ ti rí i létí títì nínú nylon dúdú, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ síyẹn.

Ìsàlẹ̀ wọn nínú iyẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. ZZ máa ń ta iṣu sísàlẹ̀ bí ànàmọ́ kékeré, ibẹ̀ ló ń fi omi pamọ́ sí, tí ò bá ti sí iṣu yẹn, ewé lásán lẹ rà. Èyí tí mo rà lọ́nà Ṣàgámù ń dán yanran, ọ̀pá ẹ̀ dúró ṣánṣán, owó tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ mi tó ra snake plant mẹ́ta. Kò pẹ́ ni ọ̀pá kan dà wó, mo fà á, ó tẹ̀lé mi wẹ́rẹ́, kò sí gbòǹgbò, kò sí iṣu, ìdí ẹ̀ ti rà, ó ń rùn, mo fa ìyókù, bákan náà ni. Ṣé ẹ rí i, ṣe ni wọ́n gé e lára èyí tó ti dàgbà tí wọ́n kàn án mọ́ amọ̀! Ẹ̀ka ZZ tí wọ́n gé lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ta iṣu, owó àgbà igi ni wọ́n sì gbà. Mo padà lọ bá bọ̀dá tó tà á fún mi, ó ní mo bomi jù ni. Omi wo?

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ki ọwọ́ bọ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀, iṣu yẹn máa ń le, ó tiẹ̀ máa ń ti nylon wú. Ẹni tí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa lọ jẹ́jẹ́ yín.

Snake plant ní tiẹ̀, ewé tí wọ́n gé gan-an ṣì máa hù, àfi pé tó bá jẹ́ onílà yẹ́lò ló wù yín, èyí tí wọ́n yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, torí ọmọ tó bá tara ewé gígé jáde, gíríìnì lásán ni. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí náà ló ti wá, mọ̀lẹ́bí ọjá ìkookò inú igbó ni, ZZ ló wá láti apá Kenya lọ́hùn-ún dé South Africa.

Níbi òkùnkùn, ZZ ló borí, kọ́rídọ̀ fesi-mí-n-fesi-ẹ náà gbà á. Nígbà òjò, ẹ po yanrìn mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ jẹ ìkankan níbẹ̀. Ti pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé wọ́n ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ti dán snake plant wò ní 1989, kì í ṣe pálọ̀ onífèrèsé mẹ́rin.

Tówó bá wà, tí yàrá yín ṣókùnkùn, tẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan iṣu ẹ̀, ZZ ò burú. Ẹni tó bá fẹ́ snake plant, kó kọ́kọ́ bi àwọn ará àdúgbò kó tó náwó, tèmi bímọ débi pé mò ń bẹ èèyàn kí wọ́n wá mú níbẹ̀.